Igun Mẹ́rin, Róbótó

Ìwé tán lórí tábìlì Dókítà Ọ̀ṣínúgà lọ́jọ́ náà
ní ọsibítù ńlá Ṣàgámù,
ni màmá mi bá fa ìwé owó iná yọ nínú báàgì,
dókítà sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta.
Igun mẹ́rin ni ọkùnrin, ó ní. Róbótó ni obìnrin.
Kí màmá mi máa dárúkọ wọn.
Màmá mi ń kà wọ́n bí ẹni ń ka obì sínú agbọ̀n,
kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ṣódìípọ̀, àbúrò mi ọkùnrin: ọdún mẹ́rin. Ikọ́ lásán.
Dókítà kùn ún dúdú.
Odùkọ̀yà tó tẹ̀lé e: ọdún mẹ́sàn-án,
ibà tí kò tó ọ̀sẹ̀ kan.
Ó kùn ún dúdú.
Lókè, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan. A ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.
Ẹ̀yìn ilé ní Ìpẹru ni wọ́n sin ín sí,
kí wọ́n tó la ọ̀nà márosẹ̀.

Ó kan igun mẹ́rin Ọ̀nàyẹmí,
tó sùn sí yàrá kẹta sí wa.
Bíírò dúró. Kò kùn ún.

Ibà kan náà ló wọlé wa lásìkò ọyẹ́.
Èmi ni mo kọ́kọ́ kó o: ọ̀fun dùn mí, kókó so lọ́rùn mi;
lọ́jọ́ kẹrin mo ti ń jà du ẹja inú ìkókorè.
Lára Ọ̀nàyẹmí ni ibà fìdí kalẹ̀.
Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wú, funfun ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè,
ó ń bi mí pé, "Ṣé ìwọ ti sàn? Báwo lo ṣe ṣe é?"

Ẹ ní ọdẹ ládùúgbò yín? Dókítà bi wá.
A ní.
Bí olè bá dé, tí ọdẹ yìnbọn, tí olè sá lọ,
kí ló yẹ kí ọdẹ ṣe?
Kó gbé ìbọn sílẹ̀.
Ọdẹ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kò mọ bí a ti ń gbé e sílẹ̀.
Ó ń yìn ín lu ògiri, ó ń yìn ín lu ìkòkò omi,
ó ń yìn ín lu onílé.
Ara ìyá ló ń gbà kọjá, kì í fọwọ́ kan ìyá.
Ọmọkùnrin ló ń bá jà.

Ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀.
Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní Mákun
pé òun ló ń jẹ àwọn ọmọkùnrin ilé.
Wọ́n ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó fìka kan róbótó òkè pátápátá.
"Èmi nìyí?"
"Ẹ̀yin ni, mà."
"Ẹ ò kùn mí dúdú."
"Rárá, mà. A kì í kùn yín."
Ó gba ìwé náà, ó ká a
bí ó ti ń ká ewé gbòdògì lé obì,
ó fi sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.
Màmá mi ní, "A ò tíì san owó iná yẹn o."
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá àgbà.

Ó ku róbótó tèmi.
Bóyá mùdùnmúdùn egungun mi lè gba àbúrò mi là;
bóyá èmi náà gbé e sínú, de ọmọ tí n kò tíì bí.
Ìbéèrè méjì, apá kan.
Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ mi lápá,
ó ní kí n di ẹ̀ṣẹ́.
Mo dì í. Mo ń gbọ́ ikọ́ Ọ̀nàyẹmí láti yàrá kẹta.